Mo Ti Yó, Mọ́mì-jí

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá ọkọ mi máa ń pè wá láti Íńdíà lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Wọn á bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn á máa lọ, á máa bọ̀, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á fajú ro, wọn á fi etí aṣọ nu imú, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èmi á jókòó ti ọkọ mi, màá yọ eyín síta bí ẹni tí oníyàwòrán ní kó má mira. Tí wọ́n bá dákẹ́, màá bi ọkọ mi pé kí ni wọ́n wí.

"Wọ́n ní kí n kí ẹ."

"Gbogbo ìyẹn?"

"Háàn."

Háàn ni "bẹ́ẹ̀ ni" lédè Híńdì. Òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ nínú èdè náà, torí ọkọ mi kì í sábà fi nǹkan mìíràn dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ìyá á ṣe odidi ìwàásù, ọmọ á ní háàn.

Ọmọ Íńdíà ni ọkọ mi. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe ní Ọ̀bájánà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Èmi, ọmọ Ìjùmú ni mí, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ náà ni mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ oníbàárà nílé ìtajà kan. Ibẹ̀ ló ti wá bá mi. Ó ń wá irú ẹ̀wà kan tí wọ́n ń jẹ nílé wọn. Mo gbé olóyin fún un, ó ní kì í ṣe òun. Mo gbé funfun, ó ní kì í ṣe òun. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà wá, kó lè sọ fún mi pé kì í ṣe òun. Nígbà tó ti ń lọ, tó ń bọ̀ báyìí fún ìgbà díẹ̀, ọ̀gá mi obìnrin wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé ẹ̀wà ni ọkùnrin yẹn ń wá?"

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ó wá kí màmá mi nílé wa ní àdúgbò Crusher. Màmá mi ti múra, wọ́n jókòó sórí àga bí olorì. Ọkùnrin náà wọlé, kò dọ̀bálẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ wọn. Màmá mi fò sókè, wọ́n gun orí àga.

"Kí ló wà lẹ́sẹ̀ mi? Ejò ni?"

"Ó ń kí yín ni, Màmá."

"Ẹsẹ̀ mi ló ń kí?"

Mo ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wọn nìyẹn, wọn á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, wọn á sì fi ọwọ́ ọ̀hún kan orí ara wọn. Màmá mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rò ó wò. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wá tún un ṣe, torí àwọn ò fara balẹ̀ gba ti àkọ́kọ́. Látọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn á yára bọ́ bàtà, wọn á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ dè é.

Ní ti ọ̀dọ̀ wa, ó ti bọ́ sí i fún òun. Èmi ni kò bọ́ sí i fún lọ́dọ̀ tiwọn. Ìyá rẹ̀ kò wá síbi ìgbéyàwó wa. Wọn ò sọ pé àwọn ò fẹ́ mi. Ohun tí wọ́n sọ, tí ọkọ mi fi pamọ́ títí mo fi fún un lọ́rùn kó tó jẹ́wọ́, ni pé, "Kí ni èmi àti ìyàwó tí kò gbọ́ èdè mi á jọ máa ṣe? Ká máa wo ojú ara wa bí ewúrẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Àmọ́ mi ò rí i bá wọn jà sí, torí ohun tá à ń ṣe gan-an nìyẹn lọ́jọọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin wa ni ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ mí lára. Ìyá ọkọ mi á máa wo ọmọ náà lójú fóònù, wọn á máa fọwọ́ pa gíláàsì lára bí ẹni ń pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ìka kan iwájú orí ara wọn, wọ́n tún na ìka náà sí ọmọ. Mi ò dúró de ògbufọ̀. Mo dìde, mo mú tìróò mi tí mo rà lọ́wọ́ ìyá Núpé kan lọ́jà, mo sì tọ́ ọ sí ọmọ níwájú orí kí ojú burúkú má bàa bá a. Wọ́n wo ìgò tìróò náà, wọ́n wò mí, wọ́n mi orí títí. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ọkọ mi, wọ́n ní kó sọ fún mi pé ẹ̀gbẹ́ ni kí n máa fi sí, kì í ṣe àárín.

Kó sọ fún mi! Èmi tí mo jókòó síbẹ̀! Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ìyá yìí bá èmi gan-an sọ̀rọ̀. Kódà kó jẹ́ èébú, kí wọ́n dojú ẹ̀ kọ mí.

Mo bá ní kí ọkọ mi kọ́ mi ní Híńdì. Olùkọ́ tó burú ju ọkọ ẹni lọ, mi ò tíì rí i. Gẹ̀ẹ́sì tó lú mọ́ Pijin lèmi àti ẹ̀ jọ ń sọ nílé, òun náà la fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ kí ọmọlúàbí ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìkíni.

"Báwo lẹ ṣe ń sọ pé ẹ kú ìjókòó?"

"A kì í sọ ọ́."

"Ẹni tó jókòó ńkọ́?"

"Ó ti jókòó náà nìyẹn."

"Ẹ kú ìrìn?"

"A kì í sọ ọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́? Ẹ kú oòrùn? Ẹ kú àtijọ́?"

Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó ní, "Námásítè. Ó kárí gbogbo ẹ̀."

Mo jókòó, mo ń wò ó. Odidi orílẹ̀-èdè! Tí ẹnì kan bá ń fọṣọ, tó o sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé o rí òun? Mo fín in níràn títí ó fi rántí pé ohun kan wà tí ìyá òun máa ń bi gbogbo ayé, títí kan ẹni tó wá ka iná mànàmáná: "Kánà káyà?" Ìyẹn ni pé, ṣé o ti jẹun? Inú mi dùn. Mo ní ohun tí mò ń wá látàárọ̀ nìyẹn. Mo gbé kánà káyà pamọ́ sí àyà bí ẹni tó rí "ẹ kú" tó sọnù.

Orí fóònù ni mo ti kọ́ ìyókù. Áàpù kan wà tó ń kọ́ ènìyàn lédè, á kọrin kékeré fún ọ tó o bá gbà á. Mi ò mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ ẹni tó ṣe é. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni "Háàtí bádà hẹ̀": erin tóbi. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọkùnrin náà ń mu omi. Lẹ́yìn ìyẹn, "Ládkè kò búùkù lágí hẹ̀": ebi ń pa ọmọkùnrin náà. Mo ń fọ abọ́, mo ń kígbe pé erin tóbi. Mo ń tẹ ẹ̀bà, mo ń kéde pé ebi ń pa ọmọkùnrin. Aládùúgbò wa kan, obìnrin Ebira, yọ orí lókè ògiri, ó ní, "Ìyàwó, ìjọ tuntun wo lo tún ń lọ yìí?"

Lọ́jọ́ tí mo rò pé ẹ̀kọ́ mi ti tó, mo wé gèlè, mo gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀, mo fi agolo mílíìkì gbé fóònù ró lórí tábìlì. Bí ojú ìyá ọkọ mi ṣe yọ báyìí, mo ní, "Námásítè, Mọ́mì-jí," jí yẹn ni ọ̀wọ̀ lédè wọn, mo sì kúnlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè kí ìyá ọkọ rẹ̀ lóòró? Orúnkún mi ò béèrè lọ́wọ́ mi kó tó kanlẹ̀. Àmọ́ fóònù wà lórí tábìlì, èmi wà nílẹ̀. Gbogbo ohun tí ìyá wa mọ̀ ni pé àwọn rí ìyàwó, àwọn gbọ́ námásítè, ìyàwó sì pòórá. Ó wá ku kàlẹ́ńdà ara ògiri. Èmi wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, mò ń bá ìkíni mi lọ: "Kánà káyà, Mọ́mì-jí? Kánà káyà?"

"Àréè! Báhù! Báhù gírì gàyí!"

Ìyàwó ti ṣubú o! Wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n tètè gbé ìyàwó dìde. Ọkọ mi tó yẹ kó ṣàlàyé ti ń rẹ́rìn-ín débi tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo yọ orí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bí ọ̀pọ̀lọ́ tó yọjú lódò. Wọ́n rí mi, wọ́n sọ nǹkan kan, mo tún gbọ́ "báhù" nínú ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo fi ọ̀wọ̀ kúnlẹ̀ padà. Mo tún pòórá.

Ìgbà tó yé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú. Ìyàwó ilé ni báhù. Wọn ò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ létí mi rí. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ti pè, wọ́n máa ń pàṣẹ pé kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún báhù. Kò pẹ́ sí i, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo ọmọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyá ọkọ mi kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja, wọn kì í jẹ ẹyin? Kí ènìyàn wá sí Lọ́kọ́ja létí odò, kó máà jẹ ẹja! Mo ra ìkòkò tuntun, torí kò sí ìkòkò kan nílé mi tó lè búra pé òun ò mọ edé. Ọkọ mi lọ gbé wọn ní Àbújá. Nígbà tí wọ́n sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo rántí ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ kàn, mo bẹ̀rẹ̀, orúnkún mi náà rántí tiẹ̀, ó kanlẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ láti fà mí dìde, orí wa pàdé, ó dún gbì. Wọ́n kéré ju bí mo ṣe rò lọ, fóònù máa ń sọ ènìyàn di ńlá. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ki imú bọ ọrùn rẹ̀, wọn ò gbé e sílẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi wọ mọ́tò Ọ̀bájánà. Iṣẹ́ ti pọ̀ lórí ẹ̀rọ kan, ó ní ó di Sátidé kóun tó lè wálé. Ògbufọ̀ ti lọ. Mo jókòó síwájú ìyá ọkọ mi. Wọ́n wò mí. Mo wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn wá sí mi lọ́kàn. Mo wá nǹkan sọ, ohun tó yọ lẹ́nu mi ni, "Háàtí bádà hẹ̀."

Wọ́n yíjú sí fèrèsé kíá, wọ́n ń wá erin náà.

Nígbà tí wọn ò rí i, wọ́n dìde, wọ́n wọ ilé ìdáná. Wọ́n ti di àwọn nǹkan wọn wá nínú àpò, ata olóòórùn oríṣiríṣi, àti ẹ̀wà pẹlẹbẹ kékeré kan tó pọ́n bí osùn. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀wà tí ọkọ mi ń wá ní ṣọ́ọ̀bù wa wà láyé lóòótọ́. Wọ́n sè é, wọ́n fi ìyẹ̀fun ṣe àkàrà pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ń pè ní rótì, ó ń wú lórí iná bíi bọ́ọ̀lù. Òórùn yẹn gba gbogbo ilé. Itọ́ kún ẹnu mi. Wọ́n yọjú sí mi, wọ́n ní, "Báhù, kánà káyà?"

Ẹ wò ó, kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Tá a bá lọ kí ènìyàn, tí wọ́n gbé oúnjẹ jáde, màmá mi kì í sọ nǹkan kan. Wọn á kàn wò mí ni. Ojú yẹn nìkan, èmi á ní, "Ẹ ṣé mà, mo ti yó," kódà kí inú mi máa han bí ológbò. Òfin ni. Wọn á fi lọ̀ ọ́, wàá kọ̀. Wọn á bẹ̀ ọ́, wàá tún kọ̀. Wọn á ní o ò fẹ́ràn àwọn ni, ìgbà náà lo tó lè fi ìtìjú jókòó. Ẹni tó bá gbà lẹ́ẹ̀kan, wọ̀bìà ni. Ká má wá sọ ti ìyàwó níwájú ìyá ọkọ!

Mo bá fi Híńdì tó dára jù lẹ́nu mi dáhùn: "Háàn, Mọ́mì-jí. Péètì bàá gàyà." Mo ti jẹun, inú mi kún. Mo dá a pè dáadáa, kò sí ibi tó kù sí. Mo wá dúró de ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kankan ò wá. Wọ́n mi orí, wọ́n jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n de ìkòkò.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Wọn á sè é, wọn á bi mí, màá ní mo ti yó, wọn á gbà mí gbọ́. Ìtìjú ò jẹ́ kí n dáná tèmi lójú wọn. Tí wọ́n bá wọ yàrá, màá sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, màá da omi sí gàrí, màá máa mu ún lóòró, màá máa fi etí ṣọ́ ọ̀nà nínú ilé ara mi bí olè. Abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú o!

Èmi náà ò sì gbàgbé láti máa kí wọn. Wọ́n jókòó, mo ní, "Kánà káyà, Mọ́mì-jí?" Wọ́n ti ilé ìwẹ̀ jáde, kánà káyà. Wọ́n ń gbàdúrà níwájú àwòrán kékeré tí wọ́n gbé wá, mo rọra yọ́ kọjá, mo rọra ní kánà káyà. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ń dáhùn pé háàn. Nígbà tó yá, wọ́n kàn ń wò mí. Mo rò pé ó ti mọ́ wọn lára ni.

Màmá mi wá kí wọn. Màmá mi ò kọ́ Híńdì kankan, wọn ò sì rò pé ó yẹ káwọn kọ́ ọ. "Okun o! Okun ọ̀nà o!" ni wọ́n ń ké látẹnu géètì, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílé wa. Ìyá ọkọ mi ní, "Okun!" Wọ́n dì mọ́ra. Wọ́n jókòó, ọ̀kan ń sọ Híńdì, èkejì ń sọ èdè Ìjùmú, tí ọ̀rọ̀ kò bá wọlé, màmá mi á gbé ohùn sókè sí i. Ó ń wọlé! Èmi tí mo kọ́ Híńdì jókòó láàárín wọn bí òkúta àárò.

Ìyá ọkọ mi gbé oúnjẹ wá. Màmá mi, bí ìṣe wọn, ní, "Rárá o, ẹ ṣé, mo ti yó o, ilé ni mo ti jẹun wá." Ìyá ọkọ mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ lé màmá mi nítan, wọ́n bu ọbẹ̀ sí i. Màmá mi jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún sọ pé àwọn ti yó, ìyá ọkọ mi tún bù ú fún wọn.

Nígbà tí mo ń sìn wọ́n lọ, mo ní, "Màmá, ṣebí ẹ ní ká máa kọ̀ ọ́."

Wọ́n ń fi ahọ́n wá ohun tó há sí eyín. "Mo kọ̀ ọ́. Wọn ò gbọ́ ni."

Mo dúró lẹ́nu géètì. Híńdì tí mo fi gbogbo ọgbọ́n orí mi kọ́, òun ló ń febi pa mí.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ń sùn lẹ́yìn mi, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, ife gàrí wà lọ́wọ́ mi, ìyá ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n wo ife náà. Wọ́n wo ìkòkò tiwọn lórí sítóòfù, ó ṣì ń yọ èéfín. Wọ́n yí padà. Kò pẹ́ mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú pálọ̀.

Etí mi ti ń kọ́ Híńdì ju ẹnu mi lọ látìgbà tí wọ́n dé, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo gbọ́ ọ! Wọ́n ní, "Kò jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ṣé ó rò pé mo fi nǹkan sí i ni? Láàárọ̀, lọ́sàn-án, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu mi. Ó ń sá pamọ́ jẹun tiẹ̀. Wá mú mi padà sílé."

Ọkọ mi ní, "Háàn." Ó tún ní, "Háàn."

Inú mi kọ́kọ́ dùn, kí n má purọ́. Odidi ọ̀rọ̀ Híńdì, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ògbufọ̀! Ìgbà tí ayọ̀ yẹn lọ sílẹ̀ tán ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó bá mi láyà. Ìyá tí mo fi gbogbo ọ̀nà wá pé kó bá mi sọ̀rọ̀ ń kó ẹrù. Mo wò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ti ń ṣẹ́ aṣọ, omi ń dà lójú wọn, tìróò tí wọ́n lé ti ń ṣàn. Fóònù ṣì wà lórí àga, ọkọ mi ń pe, "Háló? Háló?" nínú ẹ̀.

Mo wá ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ pé ọ̀wọ̀ ni. Mo fẹ́ sọ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń dúró dè, pé kánà káyà kì í ṣe pé mò ń ṣọ́ ẹnu wọn, mò ń sọ pé mo rí wọn ni. Áàpù ò kọ́ mi ní ìkankan nínú ìyẹn. Erin ló kọ́ mi, àti omi, àti ọmọkùnrin. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo ní,

"Mọ́mì-jí. Ládkè kò búùkù lágí hẹ̀."

Ebi ń pa ọmọkùnrin náà. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ń wá ọmọkùnrin.

Mo gbá àyà ara mi. "Mújẹ! Mújẹ búùkù lágí hẹ̀!" Èmi ni. Èmi lebi ń pa. Bí mo ṣe wí i báyìí, ẹkún gbé mi, torí ebi ń pa mí lóòótọ́.

Wọ́n dúró, aṣọ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá fi ohùn mi sín mi jẹ, tinrín, pẹ̀lú gbogbo ìwà pẹ̀lẹ́ mi nínú ẹ̀: "'Péètì bàá gàyà, Mọ́mì-jí'?"

"Nàhín," ni mo ní. Rárá. "Nàhín, nàhín, Mọ́mì-jí. Gàrí." Mo fi ọwọ́ júwe bí inú mi ṣe pẹlẹbẹ tó.

Wọ́n gbá orí ara wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n yára débi tí mi ò fi gbọ́ ju "báhù" lọ, àmọ́ mo mọ̀ pé òmùgọ̀ wà nínú ẹ̀, ojú wọn ni mo ti kà á. Èmi ni wọ́n ń bú. Wọ́n dojú ẹ̀ kọ mí. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n gbé ìkòkò náà fúnra rẹ̀ jáde. Mo na ọwọ́ láti gba abọ́, wọ́n gbá ọwọ́ mi wálẹ̀. Wọ́n ya rótì, wọ́n fi họ ẹ̀wà pupa náà, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé e sí mi lẹ́nu. Èmi ìyá ọmọ, lórí ìkúnlẹ̀, tọ́mọ ń sùn lẹ́yìn mi!

Ó dùn. Ó ta. Mo gbé e mì.

"Ọ́ọ̀r?" ni wọ́n ní. Ṣé kí n fi kún un?

Ojú màmá mi wá sí mi lọ́kàn, ojú yẹn. Mo ní kó máa wò mí.

"Háàn," ni mo wí.

"Ọ́ọ̀r?"

"Háàn."

Mo jẹ ẹ́ títí mo fi rí ìdí ìkòkò. Nígbà tí mo gùfẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọmọ jí lẹ́yìn mi. Wọ́n wá wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ yẹn lójú fóònù. Ẹni tó bá ń jẹun dáadáa báyìí, ojú burúkú lè bá a. Wọ́n fi ìka nu tìróò tó ti ṣàn sábẹ́ ojú ara wọn, wọ́n gbé etí gèlè mi sókè, wọ́n sì tọ́ ọ sí mi lẹ́yìn etí. Ẹ̀gbẹ́ ni, kì í ṣe àárín.

Ìgbà yẹn la tó rántí fóònù. Mo gbé e sétí.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" ọkọ mi ń pariwo. "Mo ti ń wá mọ́tò! Mò ń gbọ́ ẹkún, mò ń gbọ́ ẹ̀rín, ìyá mi ń sọ̀rọ̀ bí òjò tó ń rọ̀, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kí ni wọ́n wí?"

Mo wo ìyá ọkọ mi. Wọ́n ti ń kó aṣọ wọn jáde padà nínú àpótí, èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi nu ẹnu mi.

"Wọ́n ní kí n kí ẹ."

"Gbogbo ìyẹn?"

"Háàn."